Sinimá Àwọn Tí Kò Ríṣẹ́

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí wọ́n ṣì ń bá mi gbé garawa omi lé orí, wọ́n gbé sinimá kan wá sí gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́ ní Ìjẹ̀bú-Òde níbí. Ọ̀sán Sátidé ni. Wọ́n fi aṣọ dúdú dí gbogbo fèrèsé, ooru sì mú wa bí ẹni jókòó ti ààrò. Ẹ̀yin tí ẹ ń wo sinimá lórí fóònù ò lè mọ̀ ọ́n.

Bàbá mi kó gbogbo wa lọ. Wọ́n ní ká wá wo ohun tí ojú àwọn tí kò níṣẹ́ ń rí, ká lè dúpẹ́, torí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ti ríṣẹ́ akọ̀wé. Ohun tí ẹ̀gbọ́n mi sọ fún wa nìyẹn. Àràárọ̀ ló ń wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun jáde. Gbogbo ẹni tí bàbá mi bá pàdé lọ́nà oko ni wọ́n ń sọ fún: "Ọmọ tèmi ò ní fọwọ́ kan ọkọ́ mọ́." Ṣùgbọ́n èmi ni mò ń fọ ṣẹ́ẹ̀tì yẹn. Èèpo igi ló máa ń wà lẹ́yìn ẹ̀, nígbà mìíràn èèrà. Mo fọ̀ ọ́, mo lọ̀ ọ́, mi ò bi í.

Nínú sinimá náà, àwọn ọ̀dọ́ ń ti ọ́fíìsì kan bọ́ sí òmíràn, kò síṣẹ́. Ọ̀kan wá purọ́ fún ìyá rẹ̀ pé òun ti rí, ó sì ń lọ jókòó sábẹ́ igi láti àárọ̀ dalẹ́. Ni ìyá tó ń ta búrẹ́dì ládùúgbò wa bá dìde: "Ìwọ ọmọ yìí! Ìyá ẹ ń dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ìwọ ń ka ewé!" Ẹ̀rín pa gbogbo wa. Bàbá mi rín in títí omi fi jáde lójú wọn. Wọ́n yíjú sí ẹ̀gbọ́n mi kí wọ́n jọ rẹ́rìn-ín. Ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló ń wò. Ẹ̀rín bàbá mi dáwọ́ dúró.

Nígbà tí a ń jẹun nílé, bàbá mi bi ẹ̀gbọ́n mi, "Ibo lo máa ń jókòó sí?"

"Ẹ̀yìn ilé ìfìwéránṣẹ́, bàbá mi."

"Ṣé ibòòji wà níbẹ̀?"

"Ó wà, sà."

"Ó dáa." Wọ́n fọwọ́, ẹ̀bà wọn ṣì kù nílẹ̀.

Láàárọ̀ Mọ́ńdè, ẹ̀gbọ́n mi mú àdá, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Bàbá mi kọjá lára ẹ̀ lọ sóko. Wọn ò ní kó máa bọ̀, wọn ò ní kó dúró. Kí ni wọn ì bá wí fún àwọn tí wọ́n máa pàdé lọ́nà? Ní Ọjọ́rú, ẹ̀gbọ́n mi ní òun ń wáṣẹ́ lọ sí Ìbàdàn. A gba lẹ́tà kan. A ò gba èkejì. Ìyá mi ń bu oúnjẹ rẹ̀ sọ́tọ̀ fúngbà díẹ̀, wọ́n wá jáwọ́. Èmi ò sunkún. Aṣọ fífọ̀ sáà dín kù.

Ayé ti yí. Ọmọ ọmọ mi jáde yunifásítì láti èṣí, pálọ̀ mi ló ń jókòó sí lọ́sàn-án gangan. Bí àlejò bá bi í nípa iṣẹ́, á ní, "Wọn ò tíì pè mí o!" láìfi bò. Bí mo bá ń bu oúnjẹ rẹ̀, á tún ní, "Màmá, ẹ fẹran kún un." Àwọn èèyàn ní àwọn ọmọ ìsinsìnyí ò nítìjú. Èmi kì í dá sí i. Mo ń fẹran kún un. Ó wà nílé.