Káàdì Corrine

Tí ẹ bá ń wá òpè ní ìlú Zanesville ní Amẹ́ríkà, ẹ má rìn jìnnà. Èmi Verlin Stoltz, tí mo ti ń kan òrùlé fún àwọn aráàlú láti ọgbọ̀n ọdún, ni mo dìde lọ́jọ́ kan tí mo sọ fún Corrine ìyàwó mi pé mi ò ṣe mọ́, kí adájọ́ tú wa ká lọ́sẹ̀ yẹn gan-an.

Corrine ń dáná nílé ìwé ìjọba. Iṣẹ́ rẹ̀ ló fún un ní káàdì ìnṣọ́ránsì tí àwa méjèèjì fi ń lọ sílé ìwòsàn. Èmi ní tèmi, àkàbà nìkan ni mo ní.

"Verlin, ṣe sùúrù," ó ní. "Ọjọ́ tí adájọ́ bá fọwọ́ sí i, káàdì mi ò mọ̀ ẹ́ mọ́ nìyẹn. Orúnkún tí wọ́n fẹ́ bá ẹ pààrọ̀ ńkọ́?"

"Káàdì obìnrin kọ́ ni mo fi ń gun òrùlé!"

"Ó dáa. Máa lọ, akọni."

Mo gbé àpótí aṣọ, mo jáde tìbínú-tìbínú. Ní àtẹ̀gùn kẹta, orúnkún yẹ̀. Mo ṣubú lulẹ̀ gbì, ṣòkòtò àwọ̀tẹ́lẹ̀ mi fọ́n ká orí koríko níwájú ojúlé. Ilẹ̀ níbẹ̀ ni mo ti bẹ̀ ẹ́ pé ká ṣì dúró díẹ̀.

Ó gbà. Mo lọ gba yàrá kan, àmọ́ tọkọtaya la ṣì jẹ́ nínú ìwé fún oṣù mẹ́sàn-án. Wọ́n pààrọ̀ orúnkún náà. Ṣùgbọ́n Corrine ló ni káàdì, ọ̀dọ̀ rẹ̀ sì ni gbogbo lẹ́tà nípa ara mi ń lọ. Lọ́jọ́ kan, ó pè mí lórí fóònù.

"Verlin, wọ́n ní o ò tíì lọ kí wọ́n fi ẹ̀rọ yẹ ìdí ẹ wò bóyá jẹjẹrẹ wà níbẹ̀."

"Kí ló kàn ẹ́ níbẹ̀?"

"Kí lò ń tijú sí? Ṣé kì í ṣe ìdí kan náà tí mo ti ń wò láti ọdún mẹ́tàlélógún ni? Lọ jàre, ojo!"

Mo bú u títí, mo sì lọ. Wọ́n rí kókó burúkú kan, wọ́n yọ ọ́. Dókítà ní ká ní mo pẹ́ díẹ̀ sí i ni, ọ̀rọ̀ ì bá yíwọ́. Mi ò sọ fún Corrine. Lẹ́tà ti sọ fún un.

Nígbà tí oṣù mẹ́sàn-án náà pé, adájọ́ tú wa ká, kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Mo ra káàdì tèmi. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, lẹ́tà dé sẹ́nu ọ̀nà mi, orúkọ mi gàdàgbà lórí ẹ̀: ó ti tó àsìkò kí wọ́n tún yẹ̀ mí wò. Mo gbé fóònù sórí tábìlì, mo jókòó tì í bíi pé Corrine máa pè, títí ọbẹ̀ fi tutù. Ó dùn mí dọ́kàn. Kò sẹ́ni tó máa bú mi dé ilé ìwòsàn mọ́.