Bàbá Onílẹ́tà Kọ́ Bí A Ṣe Ń Ya Irun Ajá

Bí ẹ bá bi Bàbá Onílẹ́tà pé iṣẹ́ wo ló fi ìgbà èwe rẹ̀ ṣe, á kọ́kọ́ ká ṣòkòtò sókè kó tó dá yín lóhùn. Àpá eyín ajá kan wà ní ojúgun ọ̀tún, òmíràn wà lẹ́yìn ẹsẹ̀ òsì, èyí tó burú jù nínú wọn sì wà níbi tí kò ṣeé fi han àlejò. Lẹ́tà ló ń pín láti ojúlé dé ojúlé kó tó fẹ̀yìn tì, kò sì sí àdúgbò tí ajá ibẹ̀ kò mọ òórùn rẹ̀. Ó máa ń sọ pé olè á wọlé, ajá á sùn. Ṣùgbọ́n bí òun tó mú ìròyìn ayọ̀ dání bá ti fọwọ́ kan géètì báyìí, ajá á dìde bí ẹni pé òun ló pa ìyá rẹ̀. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá.

Nítorí náà, nígbà tí ìyàwó rẹ̀ gba ajá kékeré kan lọ́wọ́ àbúrò rẹ̀ tó ń kó lọ sí ìlú mìíràn, ilé fẹ́rẹ̀ẹ́ má gba àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Irun ajá náà gùn, ó funfun, ó sì rọ̀, ni ìyàwó bá sọ ọ́ ní Òwú. Ọkọ ní òun ò mọ òwú tó ní eyín. Bí wọ́n ṣe pín ilé nìyẹn: ilé ìdáná àti ẹ̀yìnkùlé di ti Òwú, pálọ̀ àti fàráńdà di ti Bàbá. Bí ọ̀kan bá ń bọ̀, èkejì á yà fún un. Ìyàwó ló ń wẹ Òwú, òun ló ń ya irun rẹ̀ láràárọ̀, òun náà ló ń nu ojú àti etí rẹ̀. Bàbá á máa wò wọ́n lójú fèrèsé, á ní, "Orí ajá yìí mà dára o. Èmi tí mo jẹ́ ọkọ, ta ló ya irun mi rí?"

Ìyàwó á ní, "Ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ hù ná."

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan tí òjò rọ̀ mọ́jú, ìyàwó yọ̀ lórí àtẹ̀gùn ẹ̀yìnkùlé, ó sì fi ọwọ́ ọ̀tún gbalẹ̀. Eegun ọrùn ọwọ́ rẹ̀ dá. Ní ọsibítù, wọ́n fi ìdì funfun tó le bí amọ̀ gbígbẹ de ọwọ́ náà dé ìgúnpá, wọ́n ní kò gbọdọ̀ kan omi, kò sì gbọdọ̀ fi gbé nǹkan kan. Nígbà tí wọ́n délé, ó jókòó, ó wo Òwú, ó wá wo ọkọ rẹ̀.

"Bàbá wọn, ó di ọwọ́ yín o."

"Kí ló di ọwọ́ mi?"

"Irun Òwú."

Bàbá Onílẹ́tà bú sẹ́rìn-ín. Nígbà tó rí i pé òun nìkan ló ń rẹ́rìn-ín, ó gbé ẹnu dákẹ́.

Ó ní òun á wá ẹni tí yóò máa bá wọn ṣe é. Ìyàwó ní Òwú kì í gba àjèjì láyè. Ọkọ ní kí wọ́n kúkú fi irun náà sílẹ̀, ṣebí Ọlọ́run ló dá a mọ́ ọn lára. Ìyàwó kò bá a jiyàn. Kò pẹ́ tí abẹ́ apá àti ẹ̀yìn etí Òwú fi dì ní kókó kókó, ewé gbígbẹ há sí i nírù, ó ń họra ṣáá, òórùn rẹ̀ sì ń ṣáájú rẹ̀ wọ yàrá. Bàbá fara da gbogbo ìyẹn. Ohun tí kò lè fara dà ni èyí tó bá pàdé nílé ìdáná: ìyàwó rẹ̀ kúnlẹ̀ ti ajá, ó ń fi ọwọ́ òsì ya irun rẹ̀, òòyà ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń ṣà á, ó tún ń bọ́. Kò ráhùn. Ṣùgbọ́n omi ti lé sí i lójú.

"Gbé e wá," ni ọkọ wí. "Gbé òòyà yẹn wá kí n tó sọ pé n ò ṣe mọ́."

Bí ẹ bá rí ìmúra! Ó wọ ṣòkòtò méjì léra, ó ki ẹsẹ̀ bọ bàtà òjò tó ga dé orókùn, ó sì mú ọ̀pá tó máa ń mú lọ síbi iṣẹ́ dání. Ọ̀pá yìí ti mọ́ ọn lọ́wọ́. Bó bá ti ń rìn nínú ilé, á máa fi kan ilẹ̀ kó, kó, kó. Òwú gbọ́ ọ, ó sá wọ abẹ́ tábìlì, ó yọ eyín síta, ó ń kùn.

"Ṣé o rí i? Ajá yìí kórìíra mi."

"Ọ̀pá yẹn ló ń sá fún," ìyàwó rẹ̀ wí. "Mo mọ̀ pé ẹ ò fi nà án rí, àmọ́ ta ló sọ fún un? Tó bá ti gbọ́ kó, kó, ohun tó ń rò ni pé igi ń bọ̀. Ẹ̀yin ń bẹ̀rù eyín, òun ń bẹ̀rù ọ̀pá. Láti ọjọ́ tó ti dé lẹ ti ń sá fún ara yín."

Bàbá Onílẹ́tà dúró sójú kan. Kò sọ sí i lọ́kàn rí pé ajá kan lè máa bẹ̀rù òun. Ó lọ gbé ọ̀pá náà sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó bọ́ bàtà òjò, ó sì jókòó sórí àpótí, ó kọ ẹ̀yìn sí tábìlì gẹ́gẹ́ bí ìyàwó rẹ̀ ṣe ní kó ṣe. Òwú kò yọjú. Lọ́jọ́ kejì náà, kò yọjú.

"Ẹ máa bá a sọ̀rọ̀," ìyàwó wí látorí àga.

"Kí ni kí n bá ajá sọ?"

"Ohunkóhun. Ohùn yín ló ń gbọ́, kì í ṣe ọ̀rọ̀."

Ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ iṣẹ́ rẹ̀. Ó sọ ti ilé orí òkè, níbi tí bàbá arúgbó kan ti máa ń dúró de lẹ́tà ọmọ rẹ̀, tó jẹ́ pé bí kò bá sí lẹ́tà, òun á dúró bá a ṣeré díẹ̀ kó má baà wọlé lọ́wọ́ òfo. Ó sọ ti ewúrẹ́ tó jẹ lẹ́tà ìfẹ́ ẹnìkan mọ́ òun lọ́wọ́, àti bí òun ṣe lọ bẹ ọmọbìnrin náà pé kó má bínú, pé ewúrẹ́ ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Lórí àga, ìyàwó rẹ̀ ń gbọ́ ìtàn tí kò gbọ́ rí. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, á ti rẹ̀ ẹ́ kó tó wálé, á jẹun, á sùn. Ta ló ráyè ìtàn? Bó ṣe ń sọ ti ewúrẹ́ yìí lọ́wọ́ ni imú tútù kan kàn án ní ìgúnpá. Àyà rẹ̀ já. Ṣùgbọ́n kò dìde.

Láti ọjọ́ náà ni iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ìyàwó ń darí rẹ̀: "Ẹ ti ṣóńṣó bẹ̀rẹ̀, ẹ má ti ìdí bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi ọwọ́ kejì di ìdí irun mú kó má fa awọ." Èyí tó bá dì, á fi ìka tú u pẹ̀lú òróró díẹ̀; èyí tó bá ya olórí kunkun, á ki òòyà bọ abẹ́ rẹ̀ kí sísọ́ọ̀sì má kan ara, á gé e. Díẹ̀ lónìí, díẹ̀ lọ́la. Ẹ̀yìn mọ́, ìrù mọ́, kódà Òwú ti ń dùbúlẹ̀, ó ń yíkùn sókè.

Àfi ọjọ́ tí ó di ẹsẹ̀ ọ̀tún iwájú mú. Òwú han gooro, ó yíjú, eyín rẹ̀ kan ìka Bàbá. Ẹ̀jẹ̀ kò jáde, ṣùgbọ́n Bàbá ti fò dìde, àpótí ti ṣubú. "Mo wí bẹ́ẹ̀! Ajá, ajá ni!" Ó jáde lọ sí fàráńdà.

Ó jókòó síbẹ̀ pẹ́. Bí ara rẹ̀ ṣe ń balẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ń yí lọ́kàn rẹ̀. Ajá tó gbé ikùn fún òun lánàá, kí ló fi ẹsẹ̀ pamọ́ fún? Ó padà wọlé.

"Ìyá wọn, ẹsẹ̀ yẹn ni kò fẹ́ kí n kàn. Ṣé bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn?"

"Rárá o. Òun ló máa ń kọ́kọ́ nà sí mi."

Ìyàwó gbé orí Òwú lé itan, ó ń fi ọwọ́ òsì pa á lórí. Bàbá wọ awò ojú, ó rọra la irun tó wà láàárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ náà. Ibẹ̀ wú, ó pọ́n, ẹ̀gún koríko kan sì rì sínú rẹ̀. Ó fi ẹ̀mú kékeré fà á yọ. Òwú ké lẹ́ẹ̀kan péré, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í lá ojú ibẹ̀.

"Ṣé o rí i," ni Bàbá wí jẹ́jẹ́, "ó ń sọ fún mi ni. Èmi ni n ò gbọ́." Ó wo ojúgun ara rẹ̀. "Bóyá àwọn tó bù mí jẹ náà, nǹkan kan ló ń dùn wọ́n."

"Kì í ṣe gbogbo wọn o," ìyàwó dáhùn. "Òmíràn burú lásán ni."

Wọ́n gbé Òwú lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran, ó fọ ojú egbò náà, ó fún wọn ní oògùn, ẹsẹ̀ náà sì san. Lẹ́yìn náà ni ìwẹ̀ kàn. Bàbá tẹ́ aṣọ sísàlẹ̀ báàfù kí ẹsẹ̀ ajá má baà yọ̀, ó fi ìgúnpá dán omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ wò, ó fi òwú díẹ̀ dí etí Òwú. Ó ń bu omi sí i láti ọrùn lọ sí ẹ̀yìn, ó ń fi ọṣẹ ra á, inú rẹ̀ ń dùn pé iṣẹ́ ti mọ́ òun lọ́wọ́. Àṣé Òwú ń dúró de ìgbà tí yóò sún mọ́ òun dáadáa ni. Ajá gbọn ara pẹ́ẹ́! Bàbá rin gbindin láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, ìfófó ọṣẹ kan sì dúró lórí pípá rẹ̀ bíi fìlà. Ìyàwó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ẹ̀gbẹ́ mú. Kò tíì rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ tó ti ṣubú.

Nígbà tí wọ́n tú ìdì ọwọ́ rẹ̀, ìka ṣì le, kì í pẹ́ rẹ̀ ẹ́. Ó gba òòyà padà, ṣùgbọ́n kò lè ya irun náà tán. Bàbá kàn gbé àpótí tirẹ̀ wá sódì kejì. Orí àti etí di ti ìyàwó, ẹ̀yìn, ìrù àti ẹsẹ̀ di ti ọkọ. Láàárọ̀, ẹ ó bá wọn lórí àtẹ̀gùn ẹ̀yìnkùlé, ajá láàárín, ìtàn àdúgbò kan tàbí òmíràn lẹ́nu Bàbá.

Lọ́jọ́ kan, obìnrin aránṣọ tó jẹ́ ará ilé kejì yọjú lórí ògiri, ó lanu. "Bàbá! Ṣé ẹ̀yin náà lẹ ń ya irun ajá yìí?"

Bàbá Onílẹ́tà gbé ìka sí ètè.

"Rọra sọ̀rọ̀," ó ní. "Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sùn ni."