Ọkọ̀ Ìjàpá Tí Kò Wá Ọwọ́ Èèyàn Mọ́

Ọkọ̀ ìjàpá mi kì í sítáàtì láàárọ̀ bí wọn ò bá tì í. Gbogbo àdúgbò wa ní Abúlé Òkúta ló mọ̀ ọ́n. Bí aago mẹ́fà ààbọ̀ bá ti lù, màá jókòó sídìí ọkọ̀, màá yọ orí síta, màá ké pé, "Ẹ bá mi tì í o!" Káfíńtà tó wà ní ilé kejì á jáde tòun ti pákò lẹ́nu. Ìyá aránṣọ tó ń gbé ọ̀ọ́kán á so ìró mọ́dìí dáadáa. Tíṣà tó ń gbé lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì á sọ̀ kalẹ̀ láìtíì de bọ́tìnnì ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Wọn á tì mí kọjá ilé mẹ́ta, wọn á máa bú ọkọ̀, wọn á sì máa bú èmi náà. "Bàbá, ẹ ta nǹkan yìí fáwọn tó ń ra irin àlòkù!" Bí ẹ́ńjìnnì bá ti dáhùn, wọn á pariwo, màá juwọ́ sí wọn, ó di ọ̀la.

Mi ò ka ìyẹn sí nǹkan kan nígbà náà. Ìyàwó mi ló máa ń wọlé tọ aládùúgbò, òun ló mọ ẹni tó bímọ àti ẹni tí ara rẹ̀ ò yá. Èmi kì í ṣe ọlọ́yàyà. Ìyàwó mi máa ń sọ pé ojú tí mo ń fà ro yìí tó lé adìẹ kúrò nídìí àgbàdo. Nígbà tó kú, ẹ̀rọ tí mo fi ń gé pépà níbi iṣẹ́ ìtẹ̀wé mi ní Ṣómólú nìkan ló kù tí mò ń bá ṣe wọléwọ̀de. Bí mo bá bá èèyàn sọ̀rọ̀ rárá lójúmọ́, aago mẹ́fà ààbọ̀ yẹn ni.

Ọmọbìnrin mi tó ń gbé lókè òkun wá kí mi lọ́dún tó kọjá. Ó rí i bí wọ́n ṣe ń tì mí, ojú tì í. "Dádì, ẹ̀yin náà! Ṣé gbogbo àdúgbò ló gbọ́dọ̀ tì yín kẹ́ ẹ tó dé ibi iṣẹ́ ni? Ẹ jẹ́ ká gbé ẹ́ńjìnnì tuntun sí i jàre."

Mẹkáníìkì mi ní àdúgbò Pedro, tó ti ń tọ́jú ọkọ̀ náà láti ìgbà tí irun orí rẹ̀ ṣì dúdú, kọ̀ jálẹ̀. Ó ní, "Ọ̀gá mi, ẹ fi í sílẹ̀ bí wọ́n ṣe ṣe é. Mo lè tún èyí tó wà níbẹ̀ ṣe. Ọkọ̀ tí kì í mumi ni. Tẹ́ ẹ bá fi ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀ sí i, omi lẹ ó máa bù fún un títí." Mo jágbe mọ́ ọn pé ta ló ni ọkọ̀. Ló bá gé irin ẹ̀yìn ọkọ̀ kí ẹ́ńjìnnì tuntun lè wọ̀ ọ́, ó gbé rédíétọ̀ síwájú níbi tí ìyàwó mi máa ń kó ẹrù ọjà sí, ó sì jó gbogbo rẹ̀ pọ̀. Kò bá mi ṣàwàdà kankan títí ó fi parí.

Láàárọ̀ tí mo kọ́kọ́ gbé e jáde, ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo yí kọ́kọ́rọ́, ó sítáàtì. Inú mi dùn, mi ò ní purọ́. Mo kọjá níwájú ilé káfíńtà, ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣì wà ní títì. Bẹ́ẹ̀ ló rí lọ́jọ́ kejì, àti lọ́jọ́ kẹta. Lẹ́yìn nǹkan bí oṣù méjì, mo gbọ́ lẹ́nu ẹni tó ń ta búrẹ́dì pé tíṣà ti kó lọ, ó sì ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹni tó tì mí fún ọdún mẹ́jọ! Mi ò rí i dágbére fún. Ó dùn mí wọra. Mo jókòó sínú ilé lọ́jọ́ náà, mò ń gbọ́ bí fíríìjì ṣe ń kùn, ó sì hàn sí mi pé mi ò ní ẹnì kankan. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ta ni mo fẹ́ bínú sí? Àfọwọ́fà mi ni.

Ní Mọ́ńdè kan, mo gbé àga ẹ̀yìn ọkọ̀ sókè, mo yọ wáyà bátìrì tó wà lábẹ́ rẹ̀. Mo jókòó sídìí ọkọ̀, mo ké pé, "Ẹ bá mi tì í o!" Káfíńtà ti lọ síbi iṣẹ́. Ìyá aránṣọ nìkan ló jáde, ó ń tiro nítorí orúnkún tó ń dùn ún. Ó yẹ kí n dá a dúró, mi ò dá a dúró. Ó tì mí dé iwájú ilé kejì, agbára rẹ̀ ò gbé e mọ́. Ó wá sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ọkọ̀, ó ń mí hẹlẹ.

"Bàbá, mo wà lójú fèrèsé nígbà tẹ́ ẹ gbé àga ẹ̀yìn yẹn sókè," ló wí. "Tó bá jẹ́ èèyàn lẹ ń wá, ṣebí ẹ lè kanlẹ̀kùn?"

Ó yẹ kí n sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Ogójì ọdún ni mo ti wà ládùúgbò yìí, mi ò kanlẹ̀kùn ẹnikẹ́ni rí, mi ò tiẹ̀ mọ ohun tí èèyàn ń sọ tí wọ́n bá ṣí i. Mo ní, "Rárá o. Bátìrì ló kú."

Ó ní, "Ó dáa. Bátìrì ló kú." Ó padà sẹ́yìn ọkọ̀, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé e, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í tì í.