Ọkọ̀ Òfúrufú tí Àbúrò Mi Fọwọ́ Ara Rẹ̀ Tò

Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tí a fi kúrò ní Seat Pleasant ní Amẹ́ríkà, níbi tí mo ti lọ kí wọn, èmi, Adémọ́lá àbúrò mi, àti Fọlákẹ́ ìyàwó rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ nọ́ọ̀sì dé. Pápá ọkọ̀ òfúrufú kékeré kan nítòsí Mitchellville là ń lọ. Ọ̀nà wọn tẹ́jú débi pé tíì inú ife mi ò dà. Ní Ìbàdàn, aṣọ mi ni ì bá mu ún. Ṣùgbọ́n kò sí ẹnì kan tó ń fẹsẹ̀ rìn, ìyẹn ò bá mi lára mu.

Bí àwa ṣe ń kọ́lé díẹ̀díẹ̀ nílé ni Adémọ́lá ṣe to ọkọ̀ rẹ̀: owó oṣù dé, ó ra táyà. Ó ti ń dá gbé e fò, ṣùgbọ́n láti ìgbà tó ti ní òun á gbé èmi náà ni ẹ́ńjìnnì ti ń ṣàìsàn. Ẹ̀rù ń bà mí, n ò purọ́. Ti Fọlákẹ́ ju tèmi lọ.

A so ọkọ̀ mọ́lẹ̀, ó tan ẹ́ńjìnnì. Ó dún dáadáa fún ìgbà díẹ̀, ó wúkọ́, ó kú. Adémọ́lá tú àwọn pulọ́ọ̀gì wò: iná ń ta lẹ́nu wọn. Ó yẹ pọ́ǹpù epo wò, òun náà ń ṣiṣẹ́. Ó tún tàn án, ó tún kú.

"Àǹtí mi, spark wà, pọ́ǹpù okay. Kí ló wá ń dá epo dúró?"

Ó ṣí ìdérí táńkì láti wo epo. Afẹ́fẹ́ sáré wọlé, fìì!

"Ẹ gbọ́ nǹkan, Àǹtí!" Ó gbé ìdérí náà sókè. Ihò bíńtín tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ táńkì ti dí pa. Òróró àti eruku ló yí pọ̀ níbẹ̀. Ó yé mi lójú ẹsẹ̀: ta ni kì í lu ihò méjì sí agolo mílíìkì? Bó bá jẹ́ ẹyọ kan, mílíìkì ò ní jáde.

"Ta ló fi òróró síbí?" Adémọ́lá bi wá.

Fọlákẹ́ bú sẹ́kún. "Èmi ni, Daddy Tọ́lá. Òróró àdúrà ni. Mo ní kí Ọlọ́run bò yín ni. Ẹ má bínú."

Bó bá jẹ́ pé òkè la wà ńkọ́? Mo rò pé Adémọ́lá á jágbe mọ́ ọn. Ó tẹ orí ba níwájú rẹ̀.

"Òróró náà dà? Orí mi ni kó o fi sí. Fi táńkì sílẹ̀ fún mi."

Fọlákẹ́ yọ ìgò kékeré kan nínú báàgì rẹ̀, ó ta òróró sí i lórí. Èmi náà tẹ orí tèmi ba. Adémọ́lá fọ ìdérí náà mọ́, ẹ́ńjìnnì sì dún títí tó fi pa á fúnra rẹ̀. A ò fò lọ́jọ́ náà. Fọlákẹ́ bẹ̀bẹ̀ pé kó jẹ́ ọjọ́ mìíràn, ó sì gbà.

Mo padà dé Ìbàdàn láìfò nínú ọkọ̀ àbúrò mi. Bí mo ṣe ń lu agolo mílíìkì fún tíì mi, mo pe Fọlákẹ́.

"Ìyàwó wa, tó o bá ń ṣàdúrà fún ọkọ rẹ, fi ihò tó máa gbà mí èémí sílẹ̀ fún un o."

Ó rẹ́rìn-ín. "Àǹtí, ó ti wà lókè nínú ọkọ̀ rẹ̀ báyìí. Orí rẹ̀ ni mo ń fi òróró sí. Ìgò kejì la ti wà."