Ẹ̀rọ Tó Ń Dúró De Ìkíni

Ẹ wò ó, ẹni tó bá fẹ́ sọ ìsọkúsọ nípa Mardiyah, kó má sọ ọ́ níwájú mi. Àmúsà ni mí, mo ń gẹrun fún àwọn ará Egan, ògiri kan ló sì pààlà ṣọ́ọ̀bù mi àti ti Mardiyah tó ń ránṣọ. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni. Ọkọ ti já a jù sílẹ̀, kò bímọ, àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì wà lókè òkun, àdúà orí wọ́sáàpù nìkan ni wọ́n mọ̀ ọ́n fi ránṣẹ́. Ìyá rẹ̀, Àlàájà Sìdíkátù, nìkan ló kù fún un láyé.

Àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú Àlàájà. Apá ọ̀tún kú, ohùn lọ, ìka ọwọ́ òsì nìkan ló ṣì ń gbọ́ràn sí i lẹ́nu. Yàrá wọn wà lẹ́yìn ilé, ó jìnnà díẹ̀ sí ṣọ́ọ̀bù, Àlàájà ò sì gbà kí wọ́n gbé òun wá síwájú kí oníbàárà máa wo ẹnu òun tó wọ́. Torí náà Mardiyah á ránṣọ díẹ̀, á sáré wọlé, á tún padà. Ẹ̀rù kan ṣoṣo ló ń bà á: kí ìyá rẹ̀ fẹ́ pè é, kó má lè pè é. Wọ́n ní bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Òótọ́ ni, àmọ́ ta ló wá ń tọ́jú ọmọ ọ̀hún?

Mo ní kó ra aago tí wọ́n ń tẹ̀. Ó rà á, ògiri pọ̀ jù, kò dún dé ṣọ́ọ̀bù. Ló bá ra kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀, ó ní òun fẹ́ kọ́ bí ẹ̀rọ méjì ṣe ń bára wọn sọ̀rọ̀. Mo fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí. Télọ̀ lásán-làsàn! Bí kò bá sí oníbàárà, á máa wo àwọn olùkọ́ orí fóònù tí wọ́n ń sọ òyìnbó wàrà-wàrà, á dá a dúró, á tún un gbọ́. Kò rí ẹni bi ní ìbéèrè. Èmi nìkan ló ń ṣàlàyé fún, bẹ́ẹ̀ orí ni mo kàn ń mì.

Bó ṣe yé mi mọ ni pé ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ní ẹnu ọ̀nà tó ní nọ́ńbà. Sọ́kẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń pè é, kì í ṣe èyí tí à ń ki áyọ́ọ̀nù bọ̀ o. Ọ̀kan á jókòó sẹ́nu ọ̀nà tirẹ̀, á máa tẹ́tí. Ìkejì á wá kan ilẹ̀kùn. Ó ní nínú irú iṣẹ́ yìí, èsì tó bá pẹ́, òun àti èyí tí kò wá rárá, ọgbọọgba ni wọ́n.

Ẹ̀rọ méjèèjì ò tóbi ju páálí ìṣáná lọ. Ọ̀kan wà ní ìgbèrí Àlàájà, pẹ̀lú bọ́tìnnì tó lè tẹ̀. Ìkejì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ máṣíìnì ìránṣọ. Mardiyah ní wọ́n gbọ́dọ̀ fẹnu kò lórí ẹni tí yóò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ti ṣọ́ọ̀bù lọmọ, ti yàrá nìyá. Bí wọ́n bá ti tàn, ọmọ á kọ́kọ́ kí ìyá, ìyá á dáhùn, ìgbà yẹn ni ìyá tó lè ránṣẹ́.

"Àbí Bọ̀dá, ṣé àgbà ló máa kọ́kọ́ kí ọmọdé ni?"

Mo ní kò ṣeé gbọ́ sétí. Mo tiẹ̀ yìn ín pé ilé ire ló ti wá.

Ọjọ́ tí ẹ̀rọ ṣọ́ọ̀bù kọ́kọ́ dún, Mardiyah fi téèpù sílẹ̀ lọ́rùn oníbàárà, ó sáré wọlé. Àlàájà ò fẹ́ nǹkan kan. Ẹ̀rín ló ń rín. Mardiyah padà wá, ó ń sunkún, ó ní látìgbà tí àìsàn ti dé, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ìyá òun máa pe òun.

Ọ̀sán ọjọ́ kan, wọ́n mú iná lọ, wọ́n tún mú un dé. Bátìrì ló ń gbé ẹ̀rọ ọ̀dọ̀ ìyá, kò kú. Ti ṣọ́ọ̀bù kú, ó jí, àmọ́ ó jí ṣáájú ẹ̀rọ íńtánẹ́ẹ̀tì tó so wọ́n pọ̀. Ó kí ìyá lẹ́ẹ̀kan, ìkíni náà ò dé ibì kankan, ó sì gbà pé òun ti kí i. Ti ìyá wá jókòó, ó ń retí kí ọmọ kí òun. Àlàájà ń tẹ bọ́tìnnì, ẹ̀rọ rẹ̀ ń gbà á, kò sọ ọ̀kan jáde.

Àwa méjèèjì sì wà níwájú níbẹ̀. Ọkàn Mardiyah balẹ̀ pé kò dún, ó rán odidi bùbá kan láì dìde.

Ìgbà tó gbé oúnjẹ wọlé ló kígbe pè mí. Àlàájà wà nílẹ̀ láàárín bẹ́ẹ̀dì àti ògiri, ìró ìdí rẹ̀ ti tutù fún ìtọ̀, ìka rẹ̀ ṣì ń tẹ bọ́tìnnì. A gbé e. Egungun kankan ò ṣẹ́, a dúpẹ́. Mardiyah kúnlẹ̀.

"Ìyá mi, ẹ má bínú. Mi ò gbọ́ ni."

Àlàájà kọjú sí ògiri.

Inú bí mi débi pé mo fẹ́ fọ́ ẹ̀rọ yẹn mọ́lẹ̀. Mardiyah jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, ó yọ ìkíni kúrò. Ní báyìí, bí ìyá bá tẹ̀ ẹ́, iṣẹ́ á jáde lójú ẹsẹ̀, kò sí ẹ káàsán, kò sí ẹ kú ilé. Bí ẹ̀rọ méjèèjì ò bá sì gbúròó ara wọn mọ́, ti ṣọ́ọ̀bù á figbe ta. Ó pa iná, ó tàn án, ó dán an wò títí. Mò ń gbọ́ ọ láti ọ̀dọ̀ mi, ó ń dún dáadáa.

Ó wá fi bọ́tìnnì sí ìyá rẹ̀ lọ́wọ́. Àlàájà la ìka, ó jẹ́ kó bọ́ sílẹ̀. Ó tún fi í sí i, ó tún jẹ́ kó bọ́. Mo dọ̀bálẹ̀ níwájú bẹ́ẹ̀dì, mo bẹ Àlàájà. Ó wò mí, omi bọ́ lójú rẹ̀, kò mú un.

Láti ọjọ́ náà, ẹ̀rọ ò dún mọ́. Lánàá mo rí Mardiyah tó tẹjú mọ́ ọn, mo ní kó wò ó bóyá nǹkan kan tún ṣe é.

"Kò sóhun tó ṣe é, Bọ̀dá," ó ní. "Ìyá mi ti pè mí, mi ò jẹ́. Wọn ò gbà gbọ́ mọ́ pé mo wà níbí."