Ààbọ̀ Ẹja Tí Mo Ṣẹ́ Kù ní Plumstead

Ìràwọ̀ ṣì wà lójú ọ̀run nígbà tí mo kúrò n'Íbàdàn. Ẹ̀yin ará ilé, mi ò ní fi ọkọ̀ òfurufú dá yín dúró. Ìjókòó lásán ni. Woolwich nílùú òyìnbó ni mo sọ̀ sí, lọ́dọ̀ àbúrò mi, Sìdíkátù, tó ń gbé ní Glyndon.

Ìdájí ni Sìdíkátù máa ń wọkọ̀ lọ gbálẹ̀ ọ́fíìsì láàárín ìlú, àwọn ọmọ á sì dá wà nílé nígbà tí wọ́n bá jí. Ó wá gbọ́ nípa iṣẹ́ ìdáná kan nítòsí, nílé oúnjẹ ará Gíríìsì kan. Tàfánà ni wọ́n ń pè é. Yánnì tó ni ibẹ̀ kò tíì gbà á síṣẹ́. Ó kàn ní kó mú èmi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé wá jẹun ná.

A fẹsẹ̀ gun òkè lọ sí etí pápá Plumstead Common. Ó ga bí Òkè Àrẹ̀mọ n'Íbàdàn, àmọ́ kò sí kòtò kan lójú títì. Bébà ni wọ́n tẹ́ sórí tábìlì. Búrẹ́dì ti dé kí a tó bèèrè. Lẹ́yìn náà ni psári, ìyẹn ẹja lédè wọn: odindi ni, wọ́n sun ún lórí èédú, wọ́n fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i. Pọ́ùn mẹ́fà lórí ẹyọ kan! Kò ní ata, àmọ́ ó dùn dé egungun.

Mo jẹ ààbọ̀, mo rọra ti àwo síwájú. Ojú Yánnì rẹ̀wẹ̀sì.

"Ṣé ẹja mi ò dáa ni?"

Sìdíkátù tó ń ṣògbufọ̀ ti fẹ́ sunkún. "Bọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ ẹ́ tán! Jọ́ọ̀bù mi ló ń lọ yẹn!"

"Ṣé kí n di wọ̀bìà nílé onílé ni? Sọ fún un pé àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Mo ṣẹ́ ẹ kù fáwọn ọmọ ilé ni."

Yánnì wò yíká. "Ọmọ wo? Màmá mi nìkan ló wà ní kíṣìnnì. Òun ló sun ẹja yẹn."

"Tiẹ̀ ni, nígbà náà. Ẹ pè é wá."

Màmá jáde tòun ti aṣọ dúdú. Ó jókòó, ó fọwọ́ ya orí ẹja, ó ń fà á mu bí ìyá tó bí mi gan-an. Èmi náà bá lọ fọwọ́, mo pa fọ́ọ̀kì tì, a jọ ń jẹ ẹ́. Màmá sọ̀rọ̀ kan, Yánnì sì bú sẹ́rìn-ín.

"Màmá ní gbogbo ọdún tóun ti ń dáná níbí, kò sẹ́ni tó ṣẹ́ oúnjẹ kù fóun rí. Sìdíkátù, máa bọ̀ ní Mọ́ńdè!"

Nígbà tí mo padà délé n'Íbàdàn, ìyàwó mi gbé ọbẹ̀ ẹja ka iwájú mi, ó kọrí sẹ́yìn ilé bó ṣe máa ń ṣe, kó lè dúró de èyí tí mo bá ṣẹ́ kù. Mo ní kó wá jókòó, ká jọ jẹ ẹ́ nígbà tó ṣì gbóná.

Ó wò mí títí. "Bàbá Mùsílíù, ṣé ara yín yá?"