Ọta Méjì fún Sàájẹ́ńtì

Nítorí àtipa Ọládòṣù ni Sàdíátù ṣe lọ kọ́ ìbọn. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Aṣọ ló ń fọ̀ ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ Oak Park ní Amẹ́ríkà. Láti ìdájí ló ń gbé aṣọ ìtẹ́bùsùn tí ìtọ̀ ti rin sínú ẹ̀rọ títí àsìkò iṣẹ́ rẹ̀ yóò fi parí. Ta ni yóò wo irú obìnrin bẹ́ẹ̀ kó fura pé ikú ènìyàn ló ń rò? A máa kí ènìyàn tẹ̀ríntẹ̀rín, ṣùgbọ́n orí eyín lẹ̀rín náà ń mọ, kì í dé inú.

Mùstàfá, àbúrò rẹ̀, lohun tó wà nínú. Ìyá wọn bí ọmọ náà nígbà tí gbogbo àdúgbò ti gbà pé ó ti dẹ́kun ọmọ bíbí. Sàdíátù ló pọ̀n ọ́n, òun ló já a lẹ́nu ọmú, òun ló mú un lọ sí ilé-kéú. Nígbà tí ogun abẹ́lé dé, ọmọkùnrin náà wọṣẹ́ sójà, kò tíì pé ọmọ ogún ọdún. Kò padà wálé. Àmínù, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó fi ẹsẹ̀ kan sílẹ̀ lójú ogun, ló wá sọ ọ́ fún wọn ní Ẹdẹ. Oorun ló gbé Mùstàfá lẹ́nu ìṣọ́. Sàájẹ́ńtì Ọládòṣù so ó mọ́ igi, òun fúnra rẹ̀ ló yìnbọn fún un láyà. Ibi tí wọ́n sin ín sí, Àmínù kò mọ̀, nítorí ọkọ̀ ti gbé òun alára lọ sí ọsibítù kí wọ́n tó gbẹ́ ilẹ̀.

Ìyá wọn kò gbà kí wọ́n kírun sí òkú tí ojú kò rí. "Ẹ fi ibi tí ọmọ mi sùn sí hàn mí ná." Ohun tó ń wí nìyẹn. Ọdún gorí ọdún, kò yí i padà.

Ìgbà òtútù 1984 ni Sàdíátù gbọ́ ohùn Ọládòṣù fún ìgbà àkọ́kọ́, ní Country Club Hills, níbi tí wọ́n ti ń sọ ọmọ kan lórúkọ. Ó ń gbé omi fún àwọn àlejò ni. Ọkùnrin kan tó sanra jókòó sórí àga tìmùtìmù, ó ń họ egungun jẹ.

"Ẹ̀yin ará Amẹ́ríkà yìí, oorun lẹ ń sùn gba owó!" ni ọkùnrin náà ń wí. "Ká ní ojú ogun ni, ẹ bá ríyà. Ọmọdé kan sùn lẹ́nu ìṣọ́ lọ́dọ̀ mi. Mo dè é mọ́ igi, mo fún un ní ọta kan péré. Láti ọjọ́ náà, ẹnikẹ́ni ò sùn mọ́ ní kọ́ḿpìnnì àwa sójà. Èmi alára ò sùn!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Sàdíátù gbé omi náà sílẹ̀ kó má baà dà. Ó bi obìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé ta nìyẹn.

"Ẹ ò mọ Sàájẹ́ńtì? Augustine Ọládòṣù ni. Òun ni ọ̀gá àwọn ọlọ́dẹ ní ṣọ́ọ̀bù ńlá kan ní Tinley Park. Ìbọn ogun àtijọ́ kún ilé ẹ̀ bí igi ìdáná. Òun àtàwọn òyìnbó ni wọ́n jọ máa ń fi díje."

Kí wọ́n tó tú ká, Sàdíátù ti kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́ mi ní ìbọn. Wọ́n ti fọ́lé mi lẹ́ẹ̀mejì."

"Ìbọn kẹ̀! Ọkọ ẹ ńkọ́?"

"Ó ti kú, sà."

"Á à, opó ni." Ó nu ọwọ́ nù. "Ó dáa, màá kọ́ ẹ. Ṣùgbọ́n mọ́ínmọ́ín lowó iṣẹ́ mi o, ẹlẹ́yin nínú."

Báyìí ni Sàdíátù ṣe ń se mọ́ínmọ́ín fún ẹni tó pa àbúrò rẹ̀. Ní gbogbo ìgbà tí yìnyín ń yọ́ lójú títì, ó ń lọ sí ìsàlẹ̀ ilé Ọládòṣù lẹ́yìn iṣẹ́. Ìyàwó ọkùnrin náà á wà lókè, á máa wo tẹlifíṣọ̀n. Ìbọn òfìfo ni wọ́n fi ń kọ́ ọ. Nígbà tí oòrùn mú, Ọládòṣù ní ó tó gẹ́ẹ́, kó tẹ̀ lé òun lọ síbi ìdíje ní Sátidé àti Sọ́ńdè, kó lọ gbọ́ bí ìbọn gidi ṣe ń sọ̀rọ̀.

Lẹ́yìn Tinley Park ni pápá ìdíje náà wà, láàárín oko àgbàdo. Àwọn òyìnbó tó wà níbẹ̀, púpọ̀ nínú wọn ló ja ogun Hítílà. Wọ́n ti yọkùn, orí wọn ti pá, ṣùgbọ́n bí ẹni gbé ọmọ tuntun ni wọ́n ṣe gbé ìbọn wọn. Obìnrin arúgbó kan tó ga, Dorothy, ló ń darí gbogbo wọn. Bí ó bá ti ta àsíá pupa, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ìbọn, nítorí àwọn ènìyàn ń lọ wo páálí àmì tí wọ́n yìnbọn sí nìyẹn. Bí ó bá ká a sílẹ̀, ilẹ̀ á bú.

Ìró àkọ́kọ́ gbá Sàdíátù láyà bí ẹni fi odó gbá a. Èkejì dé, ẹ̀kẹta dé, kò sì lè kà wọ́n mọ́. Èéfín kan án nímú, kíkan bí irin tó jóná. Ohun tó ń wò kò ju ọ̀kan lọ: àmì dúdú tó wà láàárín páálí funfun. Ó rí i pé kò fẹ̀ ju àyà ọmọkùnrin lọ. Níbi tó jókòó sí lórí koríko, ó gbọ́ ìró yẹn tó bà lára Mùstàfá, ó rí i bí okùn ṣe gbà á dúró nígbà tí orúnkún rẹ̀ yẹ̀.

"Wò ó dáadáa," ni Ọládòṣù wí. Ó fọwọ́ pa ìbọn rẹ̀ lára. "Máàkì Fọ́ọ̀ nìyí. Irú ẹ̀ gan-an la gbé lọ sógun. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti ṣe é nígbà tí o ò tíì mọ ìró ró."

Ó dọ̀bálẹ̀ lórí ẹní. Ó yìn ín, ó fa irin ẹ̀yìn rẹ̀, ó tún yìn ín, kò sinmi, kò gbọ̀n. Àárín àmì náà já bọ́ síta. Àwọn òyìnbó pàtẹ́wọ́ fún un, wọ́n ń pè é ní Sarge, ìyẹn Sàájẹ́ńtì. Ó dìde, òógùn bò ó, ó ń rẹ́rìn-ín bí ọkọ ìyàwó.

"Ó kàn ẹ́. Ki ìdí ẹ̀ mọ́ èjìká. Bí o bá fi àlàfo sílẹ̀, á gbá ẹ lẹ́nu bí ọkọ tó mutí yó."

Sàdíátù yìn ín. Ìbọn gbá a léjìká, omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó tún yìn ín. Ó yìn ín títí apá rẹ̀ fi kú, títí ẹran èjìká rẹ̀ fi wú bí ẹ̀kọ tútù. Èyí tó bà ní páálí kò pọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀kan wọ inú dúdú náà. Dorothy wá, ó ká aṣọ ìnura lé e léjìká.

"Ọ̀rẹ́ mi," ló wí ní Gẹ̀ẹ́sì, "ìwọ ò yìnbọn bí ẹni tó ń ṣeré. Kí ni páálí yìí ṣe fún ọ?"

"Kò ṣe nǹkan kan, madam."

Kí wọ́n tó túká, Sàdíátù ti yọ́ jí ọta méjì. Ó so wọ́n mọ́ etí ìró rẹ̀ bí ẹni so owó ọkọ̀.

Àárọ̀ Sọ́ńdè, ó ní ojú òun kò tọ́ lánàá, kí Ẹ̀gbọ́n jẹ́ káwọn yẹ ìbọn náà wò kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀. Kòtò kan wà lẹ́yìn oko àgbàdo fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, òkìtì ilẹ̀ ló yí i ká. Àwọn méjèèjì nìkan ló lọ. Ọládòṣù mú páálí, ó ń kọrin ìjọ jẹ́jẹ́, ó rìn lọ síbi òkìtì láti gbé e kọ́. Sàdíátù tú etí ìró rẹ̀. Ó ki ọta méjèèjì bọ inú ìbọn, ó ti irin ẹ̀yìn rẹ̀ padà.

"Sàájẹ́ńtì."

"Hẹ̀n?"

"Mùstàfá ọmọ Ẹdẹ ńkọ́?"

Ọládòṣù yíjú padà, ẹ̀rín ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. Ìgbà tó rí ẹnu ìbọn ni ẹ̀rín náà gbẹ.

"Sàdíátù! Gbé e wálẹ̀. A kì í na ìbọn sí ènìyàn, mo ti sọ fún ẹ."

"Mo ní Mùstàfá ńkọ́?"

"Mùstàfá wo?"

Kò purọ́. Ojú rẹ̀ fi hàn pé kò mọ ẹni tí wọ́n ń sọ. Èyí ló dun Sàdíátù ju ikú náà lọ. Ó yìnbọn. Ọta ya páálí mọ́ ọkùnrin náà lẹ́tí, erùpẹ̀ dà lé e lórí. Kò sẹ́ni tó wá wò, àwọn yòókù ti ń dán ìbọn wọn wò káàkiri pápá. Ọládòṣù ti wà lórí orúnkún, ṣòkòtò rẹ̀ ti tutù. Sàdíátù fa irin ẹ̀yìn, ọta kejì wọlé.

"Èyí tó sùn. Èyí tí o fi ń ṣàwàdà nílé ìkómọ."

"Á! Ọmọ yẹn." Ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. "Mi ò mọ orúkọ ẹ̀ mọ́. Ọlọ́run gbọ́, mi ò mọ̀ ọ́n mọ́. Àṣẹ ni wọ́n pa, Sàdíátù."

"Ta ló pa á láṣẹ?"

Ó wo ẹnu ìbọn.

"Ta ló pa á láṣẹ?"

"Èmi ni."

Ìka Sàdíátù ti wà lórí irin ìyìnbọn. Ohun tó tìtorí ẹ̀ se mọ́ínmọ́ín láti ìgbà òtútù ló kù díẹ̀ kó ṣe yìí. Ẹnu rẹ̀ ló kọ́kọ́ ṣí, ọ̀rọ̀ tó jáde kì í ṣe tirẹ̀, ti ìyá rẹ̀ ni.

"Níbo ló sùn sí?"

"Lẹ́yìn... lẹ́yìn ilé-ìwé kan tí bọ́ǹbù wó. Bí o bá kúrò lójú ọ̀nà ọlọ́dà, o yà sí òsì, wàá gba àárín oko rọ́bà, odò kékeré kan wà níbẹ̀. Kí o tó kan odò. Èmi fúnra mi ni mo gbẹ́ ẹ."

"Kí ló sọ kó tó kú?"

"Má bi mí ìyẹn."

"Kí ló sọ!"

"Ó ní kí n jẹ́ kí òun kírun àsùbáà." Ọkùnrin náà wo ilẹ̀. "Mi ò jẹ́. Ọkọ̀ ń dúró dè wá."

Sàdíátù kò mọ ìgbà tó rìn débẹ̀. Ó yí ìbọn padà, ó fi ìdí rẹ̀ gbá a lẹ́nu. Ó gbọ́ bí eyín ṣe kán. Ó gbá a léjìká, egungun ibẹ̀ ró kẹ́kẹ́, ọkùnrin náà ṣubú lẹ́gbẹ̀ẹ́, kò gbé apá sókè láti dáàbò bo ara rẹ̀. Sàdíátù tẹ ẹsẹ̀ mọ́ ọn láyà, ó ki ẹnu ìbọn bọ àárín ẹ̀jẹ̀ tó wà lẹ́nu rẹ̀.

Nígbà náà ló rí i. Ẹnu tó ń ṣẹ̀jẹ̀ yìí nìkan ni ojú oórì tí Mùstàfá ní láyé. Bí ó bá fọ́ ọ, ilé-ìwé tó wó, oko rọ́bà, odò, gbogbo rẹ̀ lọ nìyẹn. Ìyá rẹ̀ á kú láìkírun sí ọmọ rẹ̀.

Ó yọ ẹnu ìbọn jáde. Inú rẹ̀ kò rọ̀. Ó tutọ́ sí i lójú.

Dorothy ló wá pè wọ́n pé ìdíje fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ó bá Ọládòṣù ní ìjókòó, ẹ̀jẹ̀ bo àyà rẹ̀ bí agbádá.

"Ìbọn ló ta mí lẹ́nu," ni Ọládòṣù wí láàárín eyín tó kù.

Dorothy gba ìbọn náà. Ó wo ẹ̀jẹ̀ tó wà ní ìdí rẹ̀, ó wo èyí tó wà lẹ́nu ìbọn. Ó fa irin ẹ̀yìn, ọta ààyè kan bọ́ sínú koríko. Ó wo Sàdíátù.

"Ẹ gbé ìbọn yìí sí búùtù ọkọ̀," ló wí. "Ẹ kúrò ní pápá mi. Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ má padà wá mọ́."

Ọládòṣù fi ọwọ́ kan wa ọkọ̀, èjìká kejì ti rọ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni Sàdíátù jókòó sí. Wọn kò tíì jáde lójú ọ̀nà oko tí Sàdíátù ti ju ìborùn rẹ̀ mọ́ ọn lọ́rùn, ó dì í mú láti ẹ̀yìn àga.

"Tún un sọ."

"Ọ̀nà ọlọ́dà. Ilé-ìwé tó wó. O yà sí òsì. Oko rọ́bà. Odò."

"Tún un sọ."

Ó tún un sọ. Ẹ̀jẹ̀ ń kán sórí ìdarí ọkọ̀. Sàdíátù ń fi ẹnu tẹ̀ lé e bí ọmọ kéú. Wọ́n kọjá oko àgbàdo, wọ́n dé ibi tí ilé ti bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀.

"Tún un sọ."

"Ọ̀nà ọlọ́dà. Ilé-ìwé. O yà sí ọ̀tún..."

Ìborùn fún un lọ́rùn. Ọkọ̀ gbọ̀n lọ sí ẹ̀gbẹ́ títì, fèrè ọkọ̀ ẹlòmíràn ké lẹ́yìn wọn.

"Òsì àbí ọ̀tún?"

"Òsì! Rárá, dúró. Dúró ná." Ọládòṣù dá ọkọ̀ dúró. Ó gbé iwájú orí lé ìdarí ọkọ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, àgbàlagbà ọkùnrin, itọ́ àti ẹ̀jẹ̀. "Mi ò rántí mọ́, Sàdíátù. Ilẹ̀ ò tíì mọ́, òjò ń rọ̀. Mi ò rántí ọwọ́ tó wà."

Sàdíátù fa ìborùn náà títí ìró ọ̀fun ọkùnrin náà fi yí padà. Ìró náà pẹ́ létí rẹ̀, kò sì korò lẹ́nu rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló dẹ ọwọ́ díẹ̀, ó jẹ́ kó mí.

"Orí rẹ ti gbàgbé," ló wí sí i létí. "Ẹsẹ̀ rẹ máa rántí. Àwa méjèèjì la jọ ń padà lọ síbẹ̀. Màá gbé ọkọ́ lé ọ lọ́wọ́, wàá gbẹ́ òsì, wàá gbẹ́ ọ̀tún. Wàá máa gbẹ́ ẹ títí wàá fi kan egungun ọmọ wa. Wakọ̀."